Nígbà tí táírọ́ìdì bá ń lọ́ra: kílò mélòó gan-an ni tirẹ̀ nínú ìwúwo ara?

Ẹ kú ìjókòó o. Irú èèyàn méjì ló sábà máa ń béèrè ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀kan ni ẹni tó ń sanra sí i, tí kò jẹun ju bó ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀ lọ, tó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé táírọ́ìdì, ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn, ló fà á. Èkejì ni ẹni tí àyẹ̀wò ti fi hàn lóòótọ́ pé táírọ́ìdì rẹ̀ ń lọ́ra, tó ti ń lo oògùn fún oṣù mélòó kan, síbẹ̀ tí òṣùwọ̀n kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Ìdáhùn kan náà ló tọ́ sí àwọn méjèèjì: táírọ́ìdì tó ń lọ́ra máa ń fi kún ìwúwo ara lóòótọ́, àmọ́ ìwọ̀nba ni, omi àti iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó fi kún un, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa retí ohun tí oògùn ò lè ṣe, tàbí kó máa dá táírọ́ìdì lẹ́bi ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ fọwọ́ kan iwájú ọrùn yín, nísàlẹ̀ gògóńgò díẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹṣẹ́ náà wà. Apá méjì ló ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀nà èémí, ọ̀kan lósì, ẹran tín-ínrín kan ló so wọ́n pọ̀ láàárín. Lára àgbàlagbà, gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju gíráàmù 15 sí 25 lọ. Tó bá wú débi tí ojú fi ń rí i, òun là ń pè ní gẹ̀gẹ̀. Àmọ́ rírí gẹ̀gẹ̀ kò ní kẹ́ ẹ mọ bí ẹṣẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́: ó lè wú kó máa ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ó lè wú kó máa ṣe àṣejù, ó sì lè má wú rárá kí iṣẹ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró.

Áyódìn inú oúnjẹ ni ẹṣẹ́ yìí fi ń ṣe họ́mónù méjì, ìyẹn èròjà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri láti darí iṣẹ́ ara. Èyí tó ń ṣe jáde jù ni T4, tó ní átọ́ọ̀mù áyódìn mẹ́rin lára. Èkejì ni T3, tó ní mẹ́ta. T4 ló pọ̀, àmọ́ T3 ló ń ṣiṣẹ́ náà gan-an. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, iṣan àti àwọn ẹ̀yà ara míì máa ń yọ áyódìn kan kúrò lára T4, á sì di T3. Ìdí nìyẹn tí oògùn tó jẹ́ T4 nìkan fi ń tó èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí táírọ́ìdì wọn ń lọ́ra: ara fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di T3 níye tó bá nílò.

Ẹṣẹ́ kékeré míì tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, pítúítárì, ló ń ṣe ọ̀gá lórí táírọ́ìdì. Bí họ́mónù bá dínkù nínú ẹ̀jẹ̀, pítúítárì á tú họ́mónù tirẹ̀ tó ń jẹ́ TSH sílẹ̀ láti fi sún táírọ́ìdì ṣiṣẹ́. Bí họ́mónù bá pọ̀, TSH á lọ sílẹ̀. Torí náà, TSH tó ga ló ń sọ fún wa pé táírọ́ìdì ń lọ́ra. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ka ìwé èsì sódì. Wọ́n á rí TSH 18, wọ́n á ní họ́mónù àwọn ti pọ̀ jù, nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ni pítúítárì ń pariwo tí táírọ́ìdì kò dáhùn. Pítúítárì kì í fi nǹkan falẹ̀ pẹ̀lú: bí T4 bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, TSH á yẹ̀ gan-an. Òun ló jẹ́ kó jẹ́ àyẹ̀wò tí a kọ́kọ́ ń ṣe.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ agbára tí ara ń ná. Nínú gbogbo agbára tí èèyàn ń ná láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, nǹkan bí ìpín 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ sórí wíwà láàyè lásán: ọkàn tó ń lù, ọpọlọ tó ń ronú, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tó ń ṣiṣẹ́, ara tó ń móoru. Bíi 10 nínú ọgọ́rùn-ún ń lọ sórí dídà oúnjẹ. Èyí tó kù ni ti ìrìn, iṣẹ́ àti eré ìmárale. Apá àkọ́kọ́ yẹn, agbára tí a ń ná bí a tilẹ̀ sùn sílẹ̀ gbalaja, ni họ́mónù táírọ́ìdì ń darí jù.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. T3 á wọ inú sẹ́ẹ̀lì, á dé ibi tí apilẹ̀ àbùdá wà, á jí àwọn kan, á mú àwọn míì dákẹ́. Lára àwọn tó ń jí ni àwọn tó ń ṣètò bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń ti sódíọ̀mù síta tó sì ń fa pòtásíọ̀mù wọlé, iṣẹ́ tí kò dáwọ́ dúró tọ̀sán-tòru tó sì ń jẹ agbára púpọ̀. Nínú iṣan, T3 ń mú kí kálísíọ̀mù máa lọ kó máa bọ̀ kíákíá. Ó ń mú kí mitochondria, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń sọ oúnjẹ di agbára, pọ̀ sí i. Ó tún ń ran ọ̀rá aláwọ̀ búráùn, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú ooru jáde, lọ́wọ́. Tí T3 bá wá dínkù, gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí á rọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí òtútù fi ń mú aláìsàn táírọ́ìdì níbi tí ara àwọn ẹlòmíràn ti ń gbóná: ooru tó yẹ kí ara rẹ̀ mú jáde ni kò tó mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1895, Adolf Magnus-Levy ní Jámánì wọn afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí àwọn aláìsàn ń lò nígbà tí wọ́n bá sinmi. Ó rí i pé àwọn tí táírọ́ìdì wọn ti kú ń lo èyí tó kéré gan-an sí ti àwọn tó lára dá, àti pé tí a bá fún wọn ní táírọ́ìdì ẹran, ó ń gòkè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kí àyẹ̀wò họ́mónù nínú ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀, irú wíwọ̀n yẹn ni àwọn dókítà fi ń mọ àìsàn náà. Nínú èyí tó le jù lọ, agbára tí ara ń ná nígbà ìsinmi lè fi ìpín 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Èyí tó wọ́pọ̀ lónìí kò le tó bẹ́ẹ̀ rárá, torí pé àyẹ̀wò tètè ń gbé e jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò, torí ìṣirò yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ká ní ẹnì kan ń ná kílókálórì 2,000 lóòjọ́, kí 1,300 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìsinmi. Bí táírọ́ìdì bá wá dín ti ìsinmi kù ní ìpín 10 nínú ọgọ́rùn-ún, 130 nìyẹn lóòjọ́. Lọ́dún kan, 47,450. Bí a bá fi 7,700 tí wọ́n sábà ń kà fún kílò ọ̀rá kan pín in, yóò fún wa ní nǹkan bíi kílò 6 ọ̀rá. Lórí ìwé nìyẹn o. Nínú ara èèyàn, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe ń rí. Lákọ̀ọ́kọ́, àìsàn yìí máa ń pa ebi. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ń jẹun kéré sí ti tẹ́lẹ̀ láìmọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ara tó bá tóbi sí i ń ná agbára sí i, nítorí náà àlàfo 130 yẹn kì í dúró lójú kan fún ọdún gbáko. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀rá tó tọwọ́ táírọ́ìdì wá pọ̀ tó bí ìṣirò ṣe sọ.

Kí ló wá ń wúwo? Omi ni. Láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, lábẹ́ awọ àti nínú ẹran ara, àwọn èròjà kan wà tí hyaluronic acid jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Nígbà tí họ́mónù bá tó, ara ń ṣe wọ́n, ó sì ń kó wọn kúrò. Nígbà tí họ́mónù bá dínkù, kíkó wọn kúrò á falẹ̀, wọ́n á sì máa pọ̀ sí i. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé wọ́n ń fa omi mu bíi kànìnkànìn, iyọ̀ á sì bá omi náà dúró. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé kíndìnrín á dínkù torí pé ọkàn ń lù jẹ́jẹ́, kíndìnrín ò sì ní lè lé omi tó pọ̀ jù jáde bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ojú á wú, ìpéǹpéjú á wú, ahọ́n á nípọn, ohùn á há kẹ̀kẹ̀. William Gull ṣàpèjúwe rẹ̀ lára àwọn obìnrin ní England ní 1873, William Ord sì fún un ní orúkọ tí wọ́n ṣì ń pè é, myxoedema, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹ lè fi àtàǹpàkò dán an wò. Ẹ tẹ ojúgun mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ yọwọ́. Wíwú tó bá ti ọ̀dọ̀ ọkàn, kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ wá sábà máa ń jin sínú, ojú ibẹ̀ á wà bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ti myxoedema kì í sábà jin, torí pé èròjà wọ̀nyẹn ti di omi náà mú. Kì í ṣe ẹ̀rí tó dá dúró o. Bí ẹsẹ̀ bá ń wú tó sì ń jin, ẹ má gbé e lé táírọ́ìdì lórí, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ọkàn àti kíndìnrín wò.

American Thyroid Association, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ táírọ́ìdì ní Amẹ́ríkà, fi iye sí i: ìwúwo tí táírọ́ìdì tó ń lọ́ra ń dá fà jẹ́ nǹkan bíi pọ́n-ùn 5 sí 10, ìyẹn kílò 2.3 sí 4.5, ó sì sinmi lórí bó ṣe le tó. Ní 2011, ìwádìí kan láti Denmark lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọn àwọn aláìsàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn àti lẹ́yìn tí họ́mónù wọn ti padà sípò, wọ́n sì wọn ọ̀rá inú ara lọ́tọ̀. Wọ́n fi nǹkan bíi kílò 4 fúyẹ́, àmọ́ ọ̀rá wọn ò yí padà. Omi ló lọ. Nítorí náà, ẹni tó ti fi kílò 20 sanra láàárín ọdún méjì tí TSH rẹ̀ sì jẹ́ 7, kó mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Táírọ́ìdì lè ní ọwọ́ díẹ̀ níbẹ̀, òun nìkan kọ́ ló ṣe é.

Ìwúwo sì kọ́ ló yẹ kó dẹ́rù bani jù nínú ohun tí àìsàn yìí ń ṣe. Ẹ̀dọ̀ máa ń gba LDL, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí kò dára, kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, T3 ló sì ń mú kí ohun tó fi ń gbà á pọ̀ lójú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Tí T3 bá dínkù, LDL á máa yí ká inú ẹ̀jẹ̀. A ti rí i pé ó yẹ kí wọ́n wo TSH ẹni tí LDL rẹ̀ ga kí wọ́n tó fún un ní statin, oògùn tó ń dín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kù, nítorí ìdí méjì: oògùn táírọ́ìdì nìkan lè mú LDL náà wálẹ̀, àti pé statin máa ń tètè dá ìrora iṣan sílẹ̀ lára ẹni tí táírọ́ìdì rẹ̀ ń lọ́ra. Ínsúlíìnì náà máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó lọ. Alátọ̀gbẹ tó ń gún ínsúlíìnì lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ṣúgà òun ń já wálẹ̀ ṣáá láìnídìí. Nígbà tó bá sì bẹ̀rẹ̀ oògùn táírọ́ìdì, ínsúlíìnì tó ń tó o tẹ́lẹ̀ lè má tó o mọ́. Ìfun á lọ́ra, ìgbẹ́ á gan. Iṣan á rẹ̀, á máa ro, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí èèyàn dín ìrìn kù. Apá yìí gan-an, àárẹ̀ tó ń mú kéèyàn jókòó sójú kan, ló lè kó ọ̀rá jọ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé họ́mónù ló kó o jọ ní tààràtà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń ṣe àwọn èèyàn ní kàyéfì: sísanra fúnra rẹ̀ lè gbé TSH ga. Ọ̀rá ń tú họ́mónù kan tó ń jẹ́ leptin sílẹ̀, ó sì dà bíi pé èyí wà lára ohun tó ń sún ọpọlọ láti fi kún TSH. Nítorí náà, ẹni tó sanra gan-an lè ní TSH 5 tàbí 6, kí T4 rẹ̀ wà bó ṣe yẹ, kí kò sì sí àmì pé ara ń bá táírọ́ìdì jà. Tó bá fọn, TSH yẹn á sábà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí wọ́n sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé táírọ́ìdì ló mú un sanra, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ṣe iwájú. Kò sì yẹ kí wọ́n fi í sórí oògùn tí yóò máa lò títí ayé nítorí èsì kan ṣoṣo.

Báwo la ṣe ń mọ̀, nígbà náà? TSH ni ká kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò gba 0.4 sí 4.0 mIU/L gẹ́gẹ́ bí èyí tó wà bó ṣe yẹ fún àgbàlagbà tí kò lóyún, àmọ́ ẹ wo iye tí ilé àyẹ̀wò tiyín kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì. Tó bá ga, ká wo free T4, ìyẹn T4 tí kò so mọ́ èròjà mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀. TSH ga, free T4 kéré: àìsàn náà ti fìdí múlẹ̀. TSH ga, free T4 wà bó ṣe yẹ: ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, ká tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, torí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń padà sípò. Bí TSH bá ju 10 lọ tó sì dúró síbẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà á bẹ̀rẹ̀ oògùn. Láàárín 4 sí 10, ó kù sọ́wọ́ ọjọ́ orí, oyún, ohun tó ń ṣe aláìsàn àti bóyá àyẹ̀wò TPO antibody sọ pé ara ń bá táírọ́ìdì jà. TSH máa ń ga díẹ̀ bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ. 6 lára ẹni ọgọ́rin ọdún kì í ṣe 6 lára ẹni ọgbọ̀n ọdún. T3 kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ níbí, torí pé ara ń dáàbò bò ó títí di ìgbẹ̀yìn; ó lè wà bó ṣe yẹ nígbà tí T4 ti rìn jìnnà wálẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló sábà ń ba àyẹ̀wò yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni biotin, fítámì kan tó wà nínú oògùn irun àti èékánná. Níbi ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ó ń jẹ́ kí TSH hàn bí ẹni pé ó kéré, kí T4 hàn bí ẹni pé ó pọ̀, á wá bo táírọ́ìdì tó ń lọ́ra mọ́lẹ̀. Ẹ dá a dúró fún ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú, tó bá sì jẹ́ èyí tó pọ̀ gan-an lẹ̀ ń lò, ẹ sọ fún dókítà. Èkejì ni àkókò: TSH ń ga lóru àti ní ìdájí, ó ń wálẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí náà ẹ máa ṣe é ní wákàtí kan náà bó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀kẹta ni àìsàn líle míì. Ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn nílé ìwòsàn lè ní T3 àti TSH tó dàrú láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe táírọ́ìdì rẹ̀.

Ti ohun tó ń fà á, a ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Lágbàáyé, àìtó áyódìn ló wọ́pọ̀ jù. Níbi tí áyódìn bá ti tó, àìsàn Hashimoto ni, èyí tí Hakaru Hashimoto ní Japan ṣàpèjúwe ní 1912, tí ara fúnra rẹ̀ fi ń jẹ táírọ́ìdì run. Iṣẹ́ abẹ tó yọ ẹṣẹ́ náà, áyódìn onítànṣán (radioactive iodine) tí wọ́n fi tọ́jú ẹṣẹ́ tó ń ṣe àṣejù, àti àwọn oògùn bíi lithium àti amiodarone náà ń fà á. Obìnrin ló ń ṣe jù ọkùnrin lọ, ó sì lè yọjú láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ.

Oògùn rẹ̀ ni levothyroxine, T4 tí wọ́n fọwọ́ ṣe. Ẹni tí táírọ́ìdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rárá sábà máa ń nílò máíkírógíráàmù 1.6 fún kílò ara kan lóòjọ́. Ẹni kílò 70, iye rẹ̀ á tó nǹkan bíi 112. Ẹni tó ṣì kù díẹ̀ nínú iṣẹ́ táírọ́ìdì rẹ̀ á nílò kéré sí èyí. Ọ̀dọ́ tí ọkàn rẹ̀ le lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye náà lódindi. Àgbàlagbà tàbí ẹni tó ní àìsàn ọkàn á bẹ̀rẹ̀ láti 12.5 sí 25, wọ́n á sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, torí pé ọkàn tó ti ń lù jẹ́jẹ́ fún ìgbà pípẹ́ lè má gba kí wọ́n lé e sáré lójijì. Tí ẹṣẹ́ orí kíndìnrín tó ń ṣe họ́mónù cortisol náà kò bá ṣiṣẹ́, cortisol ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún aláìsàn. Tí oògùn táírọ́ìdì bá ṣáájú, ó lè gbé e ṣánlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó ni ọ̀ràn ti sábà ń bàjẹ́. Ẹ fi omi nìkan gbé e mì nígbà tí inú bá ṣófo, kí ó ku ìṣẹ́jú 30 sí 60 kí ẹ tó jẹun tàbí mu kọfí. Kọfí ń dín iye tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ kù, bó ti wù kó dúdú tó. Ẹni tí òwúrọ̀ ò bá lára mu lè lò ó lálẹ́, wákàtí mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn oúnjẹ ìkẹyìn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin, kálísíọ̀mù, oògùn tí wọ́n fi ń pa ásíìdì inú, àti orlistat tí àwọn kan ń lò láti fọn: ẹ fi wákàtí mẹ́rin pín wọn níyà. Omeprazole àti irú rẹ̀ kò ṣeé fi wákàtí pín níyà, torí ásíìdì inú ló ń dínkù jálẹ̀ ọjọ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó tún TSH rẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹ tọ́jú oògùn náà síbi tí kò gbóná tí kò sì tutù nini, nínú páálí rẹ̀.

T4 máa ń lo bí ọjọ́ méje kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ara. Èyí ló jẹ́ kí ìwọ̀n tuntun máa pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó fara hàn dáadáa nínú TSH, kò sì sí ìdí tí ẹ fi máa ṣàyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ fi kún oògùn. Òun náà ló jẹ́ kó jẹ́ pé ẹni tó gbàgbé lọ́jọ́ kan kò tíì ba nǹkan kan jẹ́. Àmọ́ ó tún jẹ́ kí àṣírí kan máa tú. Ẹni tí kì í lo oògùn déédéé, tó wá gbé e mì léraléra ní ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú àyẹ̀wò, èsì rẹ̀ á sábà jáde báyìí: free T4 dára tàbí ó tiẹ̀ ga, TSH ṣì wà lókè, torí pé TSH kì í tètè gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá. Tí dókítà ò bá fura, á fi kún oògùn ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ ti tó. Ẹ sọ òótọ́ fún un, ó sàn jù. Ẹni tó ń lò ó bó ṣe yẹ tí TSH rẹ̀ kò sì wálẹ̀ rárá, kí wọ́n wo inú àti ìfun rẹ̀, bóyá oògùn náà kì í wọlé.

Tí oògùn bá ti ń ṣiṣẹ́, kí lẹ máa rí lórí òṣùwọ̀n? Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìtọ̀ á pọ̀ sí i, ojú á fọn, òrùka tó ti há á bọ́ sílẹ̀. Kílò bíi mélòó kan á lọ. Ó ṣọ̀wọ́n kó ju ìpín 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara lọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, á dúró. Kì í ṣe pé oògùn ti kọ̀ ṣẹ́ o, omi tó yẹ kó lọ ló ti lọ tán. Láti mọ èyí tó jẹ́ omi àti èyí tó jẹ́ ọ̀rá, ẹ wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lórí òṣùwọ̀n kan náà, láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kí ẹ tó jẹun, kí ẹ sì fi tépù wọn ìbàdí ikùn yín láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí. Bí kílò bá ń lọ tí tépù ò kúrò lójú kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi ló ń lọ. Bí tépù bá ń dínkù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rá.

Lẹ́yìn tí TSH bá ti padà sípò, ọ̀rá tó kù kò ju ọ̀rá ẹnikẹ́ni lọ. Ọ̀nà kan náà ló ń gbà lọ. Dín oúnjẹ kù ní kílókálórì 300 sí 500 lóòjọ́, má sọ ọ́ di ààwẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí èèyàn bá febi pa ara rẹ̀ ni pé ara fúnra rẹ̀ á dín sísọ T4 di T3 kù láti fi pa agbára mọ́, kódà lára ẹni tí táírọ́ìdì rẹ̀ dára. Ẹ wá wò ó: ẹni tó ń bá lílọ́ra jà tún ń fọwọ́ ara rẹ̀ fa lílọ́ra. Ẹ fi ìṣẹ́jú 150 rìn kíákíá láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì gbé nǹkan tó wúwo tàbí ṣe eré tó ń mú iṣan le lẹ́ẹ̀mejì, torí iṣan tí àìsàn náà ti sọ di aláìlágbára nílò àtúnṣe ju ohunkóhun lọ. Ẹni tí àárẹ̀ ṣì mú kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ̀tàn méjì ló yẹ ká kìlọ̀ fún. Àkọ́kọ́, àfikún áyódìn àti ewéko inú òkun tí wọ́n ń tà fún táírọ́ìdì. Àgbàlagbà nílò máíkírógíráàmù 150 lóòjọ́, aboyún bíi 250. Ẹni tí Hashimoto ń ṣe tó wá ń da áyódìn púpọ̀ sára lè mú kí ẹṣẹ́ náà tún lọ́ra sí i, torí pé áyódìn tó pọ̀ jù máa ń ti táírọ́ìdì pa. Èkejì, kí ẹni tí TSH rẹ̀ dára máa lo levothyroxine láti fi fọn, tàbí kí aláìsàn máa dá fi kún tirẹ̀. Ìwọ̀n tó bá ara mu kì í mú ọ̀rá kúrò lára ẹni tí họ́mónù rẹ̀ pé. Ìwọ̀n tó bá tó láti mú èèyàn fọn á jẹ ẹran ara mọ́ ọn, á jẹ egungun, á sì lè mú kí ọkàn máa lù ségesège. Ní Amẹ́ríkà, ìkìlọ̀ tó le jù lọ ni wọ́n kọ sórí ìwé oògùn náà nítorí èyí gan-an.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Bí TSH bá dára tí ara ṣì ń wúwo sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo àwọn oògùn míì tí ẹ ń lò: prednisolone, ínsúlíìnì, àwọn oògùn àrùn ọpọlọ kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè nípa oorun, pàápàá ẹni tó ń hanrun tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lóru. Ẹni tí ikùn rẹ̀ ń sanra tí apá àti ẹsẹ̀ ń fọn, tí ìlà aláwọ̀ àlùkò ń yọ lára, cortisol ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Ẹni tó ń lo oògùn tó wá rí i pé òun ti lóyún kó má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Kó kàn sí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, torí ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń fẹ́ àfikún ìpín 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà tí a mọ̀ pé táírọ́ìdì rẹ̀ ń lọ́ra, tó wá ń tòògbé ju bó ṣe yẹ, tó ń sọ ìsọkúsọ, tí ara rẹ̀ tutù tó sì ń mí lọ́lọ̀ọ́lọ̀, ilé ìwòsàn ní kíá, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni.

Ẹni tó bá sì ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tó fi sọ kílò 15 nù, kó tún TSH rẹ̀ yẹ̀ wò. Ìlọ́po 1.6 àti 15 jẹ́ 24, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó hóró oògùn máíkírógíráàmù 25 kan lódindi. Kò ní dínkù tó bẹ́ẹ̀ lára gbogbo èèyàn, nítorí pé ẹran ara ló ń lo họ́mónù náà ju ọ̀rá lọ, àmọ́ ìwọ̀n tó tó o lánàá lè ti pọ̀ jù fún un lónìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì sọ ọ́, kì í ṣe bó ṣe ń ṣe é lára.